Ẹlẹ́rìí Kànga Puri

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ

A dé Aiquir, abúlé mi, kí oòrùn tó wọ̀. Òtútù ti ń dúró dè wá. Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Octavio ọ̀gá wa, Maritza ọ̀rẹ́ mi, àti Wilson tó ń wakọ̀ tó sì tún ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀. Ajá wà lẹ́yìn ọkọ̀, a fi kúbùsù wé e bí ọmọ tuntun. Maritza ló sọ ẹ̀rọ náà ní Ajá nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbóòórùn. Bí ohun kan bá ń mí nínú iyọ̀, tàbí tó bá ti mí níbẹ̀ rí, ó yẹ kí Ajá gbó. Bó bá gbó bó ṣe yẹ níbí, wọn yóò rán irú rẹ̀ lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì.

Wọ́n ní kò sí ibi tó jọ Máàsì láyé bí ilẹ̀ iyọ̀ wa yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibi tí ewúrẹ́ kì í jẹ̀ la máa ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti lọ kàwé ní ìlú Antofagasta, ìsìnkú nìkan ló máa ń mú mi wálé. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ ló gbé mi wá, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kẹjọ

Ìpàdé abúlé, ó sì gbóná. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn awakùsà lítíọ̀mù tó wà lódìkejì ilẹ̀ iyọ̀ náà ní àwọn kàn fẹ́ "wo ilẹ̀" ni, adágún tí àwọn ẹyẹ parina ti ń jẹun níbẹ̀ sì ti di amọ̀ báyìí. Mo dìde. Mo ní ìwádìí ẹ̀mí ni tiwa, ihò náà kéré, a ó sì dí i bá a bá ṣe tán. Mo ní ohunkóhun tá a bá rí níbẹ̀ kò ní dé ọwọ́ awakùsà. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dìde, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní bí mo ṣe wí náà ni.

Mama Fidelia, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń bójú tó ìsun abúlé àti gbogbo ipa omi tó ń gbé omi lọ sóko. Kò tilẹ̀ wo ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó bu ewé kóká sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Mi ò mọ ọ̀gbẹ́ni yìí o," ló wí. "Ìwọ ni mo mọ̀. Jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti búra, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹjọ

Oṣù tí ẹnu ilẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ la wà yìí, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní tirẹ̀: ọtí aloja ife méjì, ewé kóká, ní ojú ibi tí ihò yóò wà gan-an. Mama ti pọn aloja náà sílẹ̀ kí n tó dé. Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ní rárá. Omi ìsun ni wọ́n fi pọn ọtí yìí, ohun abẹ̀mí tí ojú ò rí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí ẹ̀kán kan bá wọ ihò, ọtí wa ni Ajá yóò máa gbó mọ́.

Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ni n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi. A wá fẹnu kò pé ká dà á sí ìdí òkè níbi tá a gbé ọkọ̀ sí, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Méjì méjì la máa ń dà á, nítorí náà Maritza gbé ife kejì, a sì jọ dà á. Mama kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù," ó wí láti ojú fèrèsé. "Ìwọ fẹ́ wọlé onílé, o wá lọ ń kí aládùúgbò."

Ó yí fèrèsé sókè mọ́ mi.

Ẹtì, 8 oṣù Kẹjọ

Ọ̀rọ̀ ti tàn ká abúlé. Mo lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Eduvina. Ó di búrẹ́dì fún mi tán, ó wá bi mí, láìrẹ́rìn-ín rárá: "Ṣé ọ̀dọ̀ mi lo ti máa sanwó, Ismenia, àbí ilé kejì lo ń lọ?" Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi ń gbá itan. Mo sanwó, mo sá jáde.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹjọ

Atẹ́gùn látàárọ̀. Irin tó ń lu ilẹ̀ dá sínú iyọ̀, Wilson sì ṣépè fún gbogbo ìdílé ẹni tó rọ ọ́. Epo dísù ti wọ́n sí i ní ìlú Calama. Kò sí iṣẹ́ lónìí.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹjọ

A kan omi.

Ihò méjì àkọ́kọ́, iyọ̀ àti omi iyọ̀ kíkan nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú ihò kẹta, lábẹ́ gbogbo iyọ̀ yẹn, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ rárá rú jáde. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n jágbe mọ́ mi, ó sì tọ́ sí mi. Nínú ìwé iṣẹ́, Ihò Kẹta lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ibi tá a dúró sí, mo sọ ọ́ ní Puri. Omi ni Puri ní èdè àwọn ìyá ìyá wa, èdè tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́ àfi ní orúkọ òkè àti orúkọ odò. Àwa mẹ́rin nìkan la mọ̀ ọ́n ní Puri. Inú Maritza dùn sí orúkọ náà débi pé ó ń fi kọrin.

Maritza ló ń tọ́jú àwọn ìgò ẹlẹ́rìí. Nígbàkígbà tá a bá fa omi, yóò ṣí ìgò kan tó ní omi mímọ́ nìkan sí ẹ̀gbẹ́ ihò, yóò sì dé e padà. Bí nǹkan kan bá hù nínú ìgò ẹlẹ́rìí, a mọ̀ pé atẹ́gùn ló gbé e wá, tàbí ọwọ́ wa. Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, ohun tá a rí nínú Puri, ti Puri ni. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe, ìyẹn nìkan ni mi ò lè fún ẹlòmíràn ṣe àfi òun.

Ẹtì, 22 oṣù Kẹjọ

Ajá gbó! Ó gbó, ó tún gbó. A pààrọ̀ omi, a fọ gbogbo ara rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gbó. Ohun abẹ̀mí wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, nínú òkùnkùn, lábẹ́ iyọ̀ tí ewéko kan ò lè hù lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Èmi àti Maritza dì mọ́ra, a ń jó lórí iyọ̀ nínú bàtà ńláńlá wọ̀nyẹn, Wilson ń patẹ́wọ́ fún wa.

Maritza kó àwọn ìgò lọ sí Antofagasta fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Mo fi ìgò omi ìsun abúlé kún un, ká lè rí ohun tá a máa fi wé e.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹsàn-án



Ilé iṣẹ́ lítíọ̀mù rán ẹnjinníà wọn kan wá sí ìpàdé, Larraguibel lorúkọ rẹ̀. Ó kó kéèkì wá, ó bá àwọn àgbà bọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn fẹ́ gba àṣẹ láti fa omi iyọ̀ ní ìhà tiwa, pé kò sì ní kan omi abúlé rárá. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Omi tó wà ní Puri gan-an, a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dá wà ni, òun àti ìsun yín kò pàdé."

Àwọn èèyàn mi rò pé ṣe ló ń fi èdè àtijọ́ pọ́n àwọn lé. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ ń mi orí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àwa mẹ́rin péré ló ń pe ibẹ̀ ní Puri.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹsàn-án

Wilson ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé awakọ̀ lèèyàn ń kọ́kọ́ fura sí. Ó gbọ́ mi títí, ó wá fi igi ha iyọ̀ kúrò lábẹ́ bàtà rẹ̀. "Dókítà," ó ní, "ẹ má lọ jìnnà. Ilé lẹ ti máa wá a."

Mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àgọ́. Òun àti Maritza ń mu tíì. Mo béèrè. Kò tilẹ̀ sẹ́.

"Ta lo rò pé ó ra Ajá?" ló bi mí. "Ta ló ń ra dísù? Àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ni?"

"Ẹ gbọ́wọ́ lé àyà níwájú wọn, sà."

"Mo ní kò ní dé ọwọ́ awakùsà. Larraguibel kì í ṣe awakùsà fún wa, Ismenia. Onígbọ̀wọ́ ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe àlàyé fún ọmọ tí kò gbọ́ ìṣirò. Mo yíjú sí Maritza. Ó ń fi ṣíbí ro tíì tí kò ní ṣúgà.

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo rò pé o mọ̀," ló wí. "Mo rò pé o kàn ń díbọ́n nítorí àwọn èèyàn rẹ ni."

Inú rẹ̀ ni mo máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi sí láti ìgbà tí à ń pín yàrá kan ní yunifásítì. Òun ló dì mí mú nígbà tí bàbá mi kú. Ó sì rò pé mo lè jẹ ewé yẹn kí n máa díbọ́n. Ìyẹn dùn mí ju ti Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹsàn-án

Mi ò lè jẹun. Mo kó ẹrù mi kúrò ní àgọ́ lọ sílé Mama. Mi ò sọ ìdí fún un. Kò sì béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹsàn-án

Èsì dé láti ilé àyẹ̀wò. Ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló pè mí. Ohun abẹ̀mí tó wà nínú Puri àti èyí tó wà nínú ìsun Aiquir, ìdílé kan náà ni wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n jọra. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Mo jókòó sórí òkúta. Ẹ̀mí lábẹ́ iyọ̀, ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀wé, mo ti rí i. Ohun tó sì ń sọ fún mi ni pé omi kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ wa. Bí wọ́n bá fa ti ibẹ̀, ìsun wa yóò gbẹ. Ẹ̀mí tí à ń wá fún Máàsì, ìròyìn ilé ló gbé wá.

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní òun máa rò ó.

Ẹtì, 12 oṣù Kẹsàn-án

Ó ti rò ó. Ó ní ìdọ̀tí ni. Ó ní ohun tó wà nínú ìsun bọ́ sínú ihò láti ibòmíràn. Mo bi í pé láti ibo. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Ẹ̀yin lẹ ń fi omi ìsun pọn ọtí, ẹ sì tún ń da ọtí sílẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹsàn-án

Àjọ̀dún òmìnira orílẹ̀-èdè wa. Àsíá lára gbogbo ògiri, ìpápánu empanada, ijó cueca nínú eruku. Mi ò jó. Mo fa Mama sẹ́yìn ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látorí Puri dórí ọtí. Mo sunkún bí ọmọ kékeré. Mo retí pé yóò gbá mi mọ́ra.

"Ewé tó o jẹ," ló wí, "ó ṣì wà lẹ́nu rẹ. Bó o bá máa tu ú dànù, tu ú níṣojú wa. Bó o bá máa gbé e mì, gbé e mì." Ó wá bu ọbẹ̀ ẹran fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Kẹsàn-án

Ọ́fíìsì omi ní Calama yóò rán ẹnì kan wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láti gbọ́ tẹnu abúlé àti ti ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àṣẹ. Mo rántí pé mi ò nílò àríyànjiyàn kankan. Àwọn ìgò ẹlẹ́rìí wà. Bí a bá ṣí wọn tí kò sí nǹkan nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọtí ti tán.

Mo pe Maritza.

"Wọ́n ti fọ́," ló wí. "Nínú ọkọ̀, nígbà tí mò ń lọ. Ọ̀nà yẹn ò dára, ìwọ náà mọ̀."

"Ìgò Puri ńkọ́? Wọ́n fọ́?"

"Rárá."

"Inú àpótí kan náà ni wọ́n wà, Maritza."

Ó wá ní: "Wọ́n ti fún mi ní ipò ní ẹ̀ka tó ń lọ Máàsì. Mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Jọ̀ọ́, Ismenia." Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo pa fóònù.

Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kẹsàn-án

Gbọ̀ngán kún dẹ́nu. Obìnrin tí ọ́fíìsì omi rán wá, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ń gba orúkọ gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Mo sọ tèmi: omi kan ni, ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ló jẹ́rìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde lẹ́yìn mi. Ó yìn mí. Ó pè mí ní akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù tóun ní rí. Ó wá ní ó ṣeni láàánú pé ìfẹ́ àṣà ìbílẹ̀ ti ba iṣẹ́ ńlá jẹ́. Ó ní kí a tó gbẹ́lẹ̀, Ismenia da ọtí tí wọ́n fi omi ìsun pọn sí ojú ihò, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ohun tó wà nínú ọtí la rí nínú omi. Òun bọ̀wọ̀ fún àṣà náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò mọ ojú.

Obìnrin náà yíjú sí Maritza. Ṣé ojú ihò ni wọ́n da ọtí sí?

Maritza, tó gbé ife kejì. Maritza, tí èmi àti ẹ̀ jọ dà á. Ó wo tábìlì. "Mi ò rántí ibi tó bọ́ sí dáadáa," ló wí.

Mo mọ òótọ́, mi ò sì ní ìgò kan tí mo lè gbé sókè. Mo kàn ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, níbi tí mo ti máa ń bá a di irun, mo ń retí kó yíjú. Kò yíjú.

Mama Fidelia ló gbá àga sẹ́yìn tó dìde. Èmi ló ń bínú sí, kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ó dà á sójú ihò?" ó wí. "Ismenia yìí? Ì bá ṣe pé ó dà á síbẹ̀! Ọwọ́ mi ni mo fi pọn aloja yẹn. Wọ́n gbé e lọ sí ìdí òkè, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, níbi tí ajá abúlé ń tọ̀ sí. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń wò wọ́n. Ojú ń tì mí láti ọjọ́ náà. Ọmọ àbúrò mi wọlé onílé láì kí i, ọ̀gbẹ́ni yìí ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ló tún wá dúró síwájú mi, tó ń sọ pé ọmọ náà kí i!"

Eduvina ti dìde láti ẹ̀yìn. "Èmi gan-an béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ilé kejì ló ti máa sanwó búrẹ́dì." Ẹnì kan ní òun wà níbẹ̀, òun rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní ọkọ òun ti sọ ewúrẹ́ wọn tó máa ń ṣìnà ní Ismenia. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń já lu ara wọn, wọ́n ń to gbogbo yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ti fi mí ṣe látoṣù Kẹjọ, ní orúkọ àti ní ọjọ́. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín náà ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Larraguibel wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo bàtà rẹ̀.

Obìnrin náà ní kò sí àṣẹ fún ẹnikẹ́ni báyìí. Ọ́fíìsì omi yóò wá fúnra wọn láti fa omi Puri, pẹ̀lú ìgò tiwọn àti ẹlẹ́rìí tiwọn. Inú àwọn èèyàn dùn. Ó yẹ kí inú èmi náà dùn. Mo dá nìkan rìn lọ sílé.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹwàá

Wọ́n wá, wọ́n fa omi, wọ́n sì lọ. Wọ́n fi òǹtẹ̀ dí gbogbo ìgò wọn níṣojú wa.

Ẹtì, 17 oṣù Kẹwàá

Ìgò ẹlẹ́rìí wọn mọ́ tónítóní. Puri àti ìsun, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n ti dá ìwé tí ilé iṣẹ́ lítíọ̀mù fi béèrè àṣẹ padà.

Wilson wá sọ fún mi, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ rédíò inú ọkọ̀ rẹ̀. Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ó ń sọ nípa ẹ̀mí tí òun rí lábẹ́ iyọ̀ Aiquir, ohun tó pè ní ìdọ̀tí níjelòó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Maritza Godoy. Kò dárúkọ mi. Wilson na ọwọ́ láti pa rédíò. Mo ní kó fi sílẹ̀, kí n gbọ́ ọ tán.

Àìkú, 19 oṣù Kẹwàá

Mo ṣèlérí pé a ó dí ihò náà, nítorí náà a lọ dí i lónìí. Mama pọn aloja tuntun. Àyẹ̀wò ọ́fíìsì omi ti parí, ẹ̀rí kankan kò lè bà jẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá ti wọ Puri, kò sí onímọ̀ kan tó tún lè rí nǹkan kan kà níbẹ̀, àti èmi pàápàá. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gbé ife.

Ọkọ̀ kan dúró ní ìdí òkè. Maritza ló sọ̀ kalẹ̀. Ó wá gbé Ajá lọ, àmọ́ kò gbé e. Ó dúró síbi tá a ti jọ da ọtí lọ́jọ́ náà, ó ń wò wá, ó na ọwọ́ kan sókè díẹ̀, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Ife méjì wà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ. Mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí, ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ.

Mama gba ife kejì lọ́wọ́ mi.

"Jẹ́ kó dúró síbẹ̀," ló wí. "Ilé aládùúgbò nìyẹn."

A kúnlẹ̀ sí ẹnu ihò, a sì jọ dà á.